Ìkọjá Ojú Irin Láàárín Ìgboro Ìbàdàn

Ìkọjá ojú irin ni ibi tí ọ̀nà mọ́tò àti ọ̀nà réluwé ti dábùú ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà, tí kò sí afárá tó gbé ọ̀kan gba orí èkejì. Agbára àwọn tó ń lo ibẹ̀ kò dọ́gba. Mọ́tò lè yà fún nǹkan, réluwé kò lè yà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè dúró lójú ẹsẹ̀, mọ́tò máa ń sún díẹ̀ kó tó dúró, réluwé sì lè kọjá ibi tí ewu wà tán kí bíréèkì rẹ̀ tó mú un. Iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń ya àwòrán ìkọjá ni láti ṣètò ilẹ̀ náà débi pé gbogbo wọn á lè lò ó lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, láìjẹ́ pé ẹ̀mí ẹnikẹ́ni dá lórí bóyá ó rántí láti wo ọ̀tún wo òsì.

Réluwé ìgboro yàtọ̀ sí èyí tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ó fúyẹ́ jù ú lọ, iná mànàmáná ló sábà máa ń gbé e rìn, gígùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mítà 30 sí 60, ó sì máa ń dúró gbé èrò lẹ́yìn ìdajì kìlómítà tàbí kìlómítà kan. Ó lè bá mọ́tò rìn lójú pópó, kí irin rẹ̀ rì sínú ọ̀dà débi pé táyà á gba orí rẹ̀ kọjá láìfò. Èkó ti ní irú rẹ̀ rí. Láti 1902 títí di 1933, tíráàmù tó ń lo ooru omi ń ti Ìdó gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó, láàárín àwọn tó ń ra tó ń tà. Èédú àti ooru omi ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dojú kọ tíráàmù yẹn láàárín èrò ló máa dojú kọ èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wọ ìgboro Ìbàdàn.

Ìbàdàn ti mọ irin tipẹ́. Ní 1901 ni ọ̀nà réluwé tí ìjọba amúnisìn gbé láti Èkó gba Abẹ́òkúta dé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dé Òṣogbo ní 1907. Mílímítà 1,067 ni àlàfo àárín irin méjèèjì. Ẹ̀yìn ìlú ni Dùgbẹ̀ wà nígbà tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ síbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó tọ irin lọ, àwọn oníṣòwò tọ òyìnbó lọ, ìgboro sì wá bá gbogbo wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí Ilé Kòkó ní 1965, Dùgbẹ̀ ti di ojúkò òwò ìlú. Bákan náà ló rí ní apá àríwá: ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àdúgbò Bódìjà sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, ọjà Bódìjà tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilé àti ìsọ̀ sì ń sún mọ́ irin títí tí ẹ̀yìn ìlú fi tán. Ibi tí ẹni tó ń re oko ti ń rọra rékọjá irin ti di ibi tí tírélà oníṣu, máíkírà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti alábàárù jọ ń du ọ̀nà.

Ọ̀nà réluwé tuntun láti Èkó, èyí tí CCECC, ilé iṣẹ́ ìkọ́lé ti Ṣáínà, kọ́, yẹra fún gbogbo èyí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, àlàfo irin rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò fún owó ní oṣù Kẹfà 2021. Ó gba Ọmí-Àdìó kọjá ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, ó parí sí Mọ́níyà. Ìyẹn dín ìkọjá inú ìgboro kù, ṣùgbọ́n èrò tó bá sọ̀ ní Mọ́níyà tó sì ń lọ sí Challenge ní òdìkejì ìlú ṣì ní láti la gbogbo Ìbàdàn já nínú máíkírà tàbí kórópe. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ réluwé ìgboro ti ń wá. Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lu àtúnṣe òfin Nàìjíríà tó gbé réluwé kúrò lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, nítorí náà kò sí òfin tó ní kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ má ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù fún un ni láti Ọ̀jọ́ọ̀ gba Agbowó, Bódìjà àti Mọ́kọ́lá wá sí Dùgbẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ gba apá Ring Road lọ sí Challenge. Kò sí ibì kan lójú ọ̀nà yìí tí èrò ò pọ̀.

Ìbéèrè tí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá ó yẹ kí ìkọjá wà níbì kan rárá. Èkó ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà méjì. Réluwé Èkó tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ń gba iná láti ara irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fara kan irin náà lè kú, torí náà kò sí ìkọjá kankan lórí kìlómítà 13 rẹ̀. Orí afárá àti inú ọgbà ló ń gbà. Red Line láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò, tí wọ́n ṣí ní 29 oṣù Kejì 2024, ń bá réluwé Ìbàdàn lo ilẹ̀ kan náà. Ní Ìkejà, Múṣin, Yábàá àti Ọ̀yìngbò, ìjọba Èkó kọ́ afárá tó ń gbé mọ́tò gba orí irin kọjá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò ti sí afárá hàn kedere ní 9 oṣù Kẹta 2023, nígbà tí réluwé àti bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó pàdé ní ìkọjá PWD ní Ṣógúnlẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa.

Afárá ló dára jù fún ẹ̀mí ẹni tó wà nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ́ ọ sí gbogbo ìkóríta Ìbàdàn kò tíì ṣe ìṣirò ilẹ̀. Láti gba orí réluwé tó ní wáyà iná lókè, ojú ọ̀nà ní láti ga tó mítà méje àbọ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá ní ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí tírélà tó rù kẹ́kẹ́ lè gùn ún nígbà òjò, mítà 150 ni afárá máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó tó balẹ̀. Mítà 300 ìsọ̀ ló máa lọ sí i ní ìkóríta kan ṣoṣo. Afárá mọ́tò kì í sì í sábà gba ẹlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti wo abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá láàárọ̀ mọ̀ pé mọ́tò ló lọ sókè, àwọn ènìyàn ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wá ọ̀nà kọjá. Ní Addis Ababa, níbi tí réluwé ìgboro ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2015, wọ́n fi ọgbà àti afárá ya irin sọ́tọ̀ láàárín pópó níbi púpọ̀. Réluwé rí ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n aládùúgbò tó fẹ́ dé òdìkejì títì ní láti rin ọ̀nà jíjìn kó tó rí ibi kọjá, àwọn kan sì ń fo ọgbà. Casablanca, tó ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2012, gba ọ̀nà mìíràn: irin wà lójú pópó, iná tíráfíìkì ló ń darí ìkóríta, eré réluwé kò sì pọ̀. Ìbàdàn máa nílò méjèèjì, ibi tí ìkọ̀ọ̀kan yẹ sí ló ṣe pàtàkì.

Eré ló ń sọ irú ìkọjá tó yẹ ibì kan. Réluwé ìgboro tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí ń jẹ ilẹ̀ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá fi bíréèkì jẹ́jẹ́, bíi mítà 80 ló máa sún kó tó dúró. Bí ó bá fi gbogbo agbára mú un, tí àwọn mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ ọkọ̀ gbá irin mú, ó ṣì máa gbà tó mítà 35 sí 40, àwọn èrò tó wà ní ìdúró á sì ti ṣubú lu ara wọn. Mọ́tò tí táyà rẹ̀ dára lè dúró láàárín mítà 15 lórí ọ̀dà gbígbẹ. Irin lórí irin kò lè di ilẹ̀ mú bíi rọ́bà, kò sì sí ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó lè yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n bí eré bá wálẹ̀ sí 30, bíréèkì alágbára á dá réluwé dúró láàárín nǹkan bíi mítà 15. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1996 lórí réluwé ìgboro ìlú mẹ́wàá fi ààlà sí nǹkan bíi kìlómítà 56 ní wákàtí: bí eré bá ju ìyẹn lọ, géètì di dandan, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iná tíráfíìkì lè ṣe é. Fún títì tó kún bíi ti Ìbàdàn, ààlà tó bá ojú mu kò yẹ kó ju 40 lọ, 30 ló sì yẹ lẹ́bàá ọjà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé géètì ni ìkọjá, pé bí ọ̀pá bá ti lè sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí réluwé ń bọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ìṣirò kékeré kan máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí réluwé bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti ọ̀tún àti láti òsì, 24 ló máa kọjá ní wákàtí kan. Òfin Amẹ́ríkà ní kí iná ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó kéré tán, ní ìṣẹ́jú àáyá 20 kí réluwé tó dé. Bí a bá ka ìyẹn, ìgbà tí réluwé fi kọjá àti ìgbà tí ọ̀pá fi gòkè padà, ìṣẹ́jú àáyá 40 kò pọ̀ jù fún ọ̀kan. Ọ̀nà máa wà ní títì fún ìṣẹ́jú 16 nínú gbogbo wákàtí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Mọ́kọ́lá, ìyẹn tó láti di mọ́tò mọ́ra títí dé Sángó, awakọ̀ tó bá sì ti dúró lẹ́ẹ̀mẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe yí ọ̀pá po. Ọ̀nà tó dára jù níbi tí irin bá wà láàárín títì ni kí réluwé bá àwọn mọ́tò tó ń lọ sí ibi kan náà lo iná aláwọ̀ ewé wọn. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ irin á mọ̀ pé réluwé ti sún mọ́ tòsí, á mú iná náà pẹ́ díẹ̀ sí i tàbí kó tètè gbé e wá. Mọ́tò ọ̀nà kejì á dúró bó ṣe máa dúró tẹ́lẹ̀, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yàtọ̀. Iná réluwé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ pupa àti ewé. Ìlà funfun ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, kí onímáíkírà má bàa rò pé òun ni wọ́n ń pè.

Ewu kan wà ní ìkọjá inú ìlú tí kò sí lórí irin gan-an. Ó máa ń wà ní mítà 50 sí 100 níwájú rẹ̀. Ronú nípa Challenge, níbi tí mọ́tò láti Mọ̀lété, láti Ring Road àti láti apá Toll Gate ti ń wọlé sínú ara wọn. Bí irin bá dábùú ọ̀nà kan tó sì jẹ́ pé mítà 60 péré ló kù kí ọ̀nà náà dé iná tíráfíìkì mìíràn, máíkírà bíi mẹ́wàá ló máa kún àlàfo yẹn. Tírélà kan àti bọ́ọ̀sì méjì á kún un tán. Ẹni tó bá wá sí ẹ̀yìn wọn á dúró lórí irin, torí pé nígbà tó ń bọ̀, ààyè wà níwájú. Kórópe kan tó dúró gbé èrò lẹ́yìn irin tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí iná tíráfíìkì wà ṣáájú irin, kí ó dá mọ́tò dúró níbẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀yìn irin bá ti kún, kí ìlà ìyeyè sì bo ojú irin láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ibi tí kórópe ti ń gbé èrò sì gbọdọ̀ kúrò lójú títì, kó wọnú ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ààyè tó gba iye ọkọ̀ tó ń wá síbẹ̀ ní tòótọ́. Bí wọ́n bá kàn gbé pátákó “Má dúró síbí” kalẹ̀ láìfún àwọn awakọ̀ níbòmíràn, ibẹ̀ náà ni wọ́n á máa dúró sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fox River Grove, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, yẹ kó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 25 oṣù Kẹwàá 1995, bọ́ọ̀sì tó ń kó ọmọ lọ sí ilé ìwé rékọjá irin, ó dúró de iná tíráfíìkì tó wà níwájú. Awakọ̀ rò pé òun ti kọjá tán, ṣùgbọ́n ìdí bọ́ọ̀sì ṣì wà lójú irin. Réluwé dé, ọmọ ilé ìwé méje ló kú. Ìkọjá yẹn ní géètì, ó ní agogo, ó ní iná. Ohun tí kò ní ni àlàfo tó gba bọ́ọ̀sì láàárín irin àti ìkóríta, àti àsìkò tó pọ̀ tó fún iná tíráfíìkì láti lé àwọn tó wà lórí irin lọ kí réluwé tó dé. Ilé iṣẹ́ réluwé ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ojú irin, àjọ ojú ọ̀nà ló ń tọ́jú iná tíráfíìkì, ẹ̀rọ méjèèjì so pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú wọn kò mọ bí tara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ewu tó tẹ̀lé e ni ti mọ́tò tó ń yà. Láti 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Nítorí náà, bí irin bá wà láàárín títì oníhà méjì, ẹni tó bá yà sí òsì ló máa gé e kọjá. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni réluwé ti ń bọ̀, kò sì lè rí i. Àwọn mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú ló ń wò, bí àlàfo bá ti yọ, á kó sí i. Houston ní Texas ṣí réluwé ìgboro rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2004. Kí ọdún náà tó parí, òun àti mọ́tò ti kọlu ara wọn ju ìgbà 60 lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó yà níbi tí kò yẹ. Lójú Ring Road, níbi tí ẹnu ọ̀nà ilé epo, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìtajà ti tẹ̀lé ara wọn, ẹni tó bá fi gbogbo ojú àlàfo àárín títì sílẹ̀ ti ṣètò ìjàǹbá sílẹ̀. Àwọn àlàfo wọ̀nyí gbọdọ̀ di díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yà sí òsì á tẹ̀síwájú dé ìkóríta tó ní iná, á wọ ìlà tirẹ̀, á dúró de ọfà aláwọ̀ ewé tó jẹ́ ti ẹni tó ń yà nìkan, èyí tí kò ní tàn nígbà tí réluwé bá wà nítòsí. Kọnkéré etí irin náà ní láti ga tó kí kórópe má lè gùn ún, torí pé ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni dúró ní Ìbàdàn rí.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ìrònú jù, òun sì ni wọ́n sábà máa ń fi sẹ́yìn. Lórí ìwé, wọ́n máa ń kà á pé ènìyàn ń rin bíi mítà kan díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣirò yẹn yẹ ọ̀dọ́ tí kò gbé nǹkan kan. Alábàárù tó ru àpò ẹ̀wà lórí láti inú ọjà Bódìjà kì í rìn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó pọn ọmọ tó sì tún mú òmíràn dání. Bí ojú irin méjì àti etí rẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ẹni tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ á lò tó ìṣẹ́jú àáyá 13 láti kọjá. Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹni tí kò bá dúró wo ọjà kò ní mọ̀: ẹni tó ru ẹrù sórí kò lè yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá máa wo ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ ló máa yí. Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ gbọọrọ wọ ojú irin. Kí wọ́n fi irin ìdènà kọ́ ọ débi pé yóò kọ́kọ́ yà sí apá tí réluwé ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ mélòó kan, kó tó yà gba orí irin. Ara ẹni tó ń rìn á ti kọjú sí ewu kó tó dé ibẹ̀, ìbáà máa ronú nípa iye tí wọ́n máa san fún un. Réluwé oníná kò sì ní ariwo. Níbi tí ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ àti rédíò onísìdí ti ń pariwo pọ̀, agogo kan ṣoṣo kò tó ìkìlọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, Bódìjà kì í ṣe ibi tó yẹ kí ìkọjá wà nílẹ̀. Èrò tó ń wọ ọjà tó ń jáde ti pọ̀ ju ohun tí iná tíráfíìkì lè ṣètò lọ, ọkọ̀ ẹrù tó ń já ọjà sílẹ̀ sì ń gba ìdajì títì. Níbẹ̀, réluwé ló yẹ kó gòkè, kí ọjà dúró nílẹ̀. Réluwé ìgboro lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí réluwé ńlá kò lè ṣe, afárá irin méjì kò sì fẹ̀ tó afárá títì oníhà méjì. Agbowó yàtọ̀. Níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù, ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn ṣófo, wọ́n sì ń kọjá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ní àwọn wákàtí kan. Ìkọjá nílẹ̀ lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí réluwé bá ń rọra wọlé sí ibùdókọ̀ tó wà ní ojú ibẹ̀ gan-an, tí ìkọjá sì fẹ̀ tó èrò tó ń lò ó. Ohun kan gbọdọ̀ wà níbẹ̀: erékùṣù kọnkéré tó fẹ̀ tó mítà méjì ó kéré tán láàárín irin tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí réluwé ìgboro ń pa kì í kú sọ́wọ́ èyí tí wọ́n rí. Wọ́n á dúró kí àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n á sì sáré jáde lẹ́yìn rẹ̀ sí iwájú èkejì tó ń bọ̀ láti òdìkejì.

Ojú ilẹ̀ ìkọjá náà ní ohun tó ń fẹ́. Irin gbọdọ̀ gé ọ̀nà ní igun tó sún mọ́ dídọ́gba, torí bí ó bá dagun jù, táyà ọ̀kadà á bọ́ sínú kòtò tó wà létí irin, tí òjò bá sì ti rọ̀, irin á yọ̀ bí ọṣẹ. Ibi tí ọ̀nà bá dagun tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n tẹ ọ̀nà ọ̀kadà síwájú díẹ̀ kó lè gé irin tààrà. Orí ìkọjá kò gbọdọ̀ wú bí òkìtì, kí tírélà onípákó tí ikùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ má bàa há sórí rẹ̀. Wáyà iná kò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju mítà márùn-ún àbọ̀ lọ níbi tí ọkọ̀ ẹrù bá ti ń kọjá. Omi ni ọ̀tá ìkọjá jù ní Ìbàdàn. Òkè ni gbogbo ìlú, àgbàrá máa ń kó yanrìn àti ọ̀rá sọ̀ kalẹ̀, kòtò irin sì ni yóò kọ́kọ́ kún. Bí yanrìn bá le sínú kòtò náà, ó lè gbé ẹsẹ̀ réluwé kúrò lórí irin. Gọ́tà tó dábùú ọ̀nà gbọdọ̀ wà lókè ìkọjá, kí omi má dé orí irin rárá, ẹni kan sì gbọdọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kó kòtò irin lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣòro bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Níbi tó bá nílò géètì, ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ débi pé ìwúwo ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀. Iná ló ń gbé e sókè. Bí iná bá lọ, ọ̀nà á tì, kò ní ṣí. Ewu ibẹ̀ ni pé géètì tó bá tì fún wákàtí kan láìsí réluwé ń kọ́ àwọn awakọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ìgbàgbọ́ yẹn kì í sì í tètè kúrò lọ́kàn wọn. Bátìrì tó lè gbé ìkọjá fún odidi ọjọ́ kan, pẹ̀lú sólà lórí òpó, jẹ́ ara iye owó ìkọjá láti ìbẹ̀rẹ̀, bí irin àti kọnkéré ṣe jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó mú àsíá pupa dání wúlò nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àmọ́ kò tọ́ kí wọ́n fi ènìyàn kan ṣoṣo rọ́pò ẹ̀rọ níbi tí réluwé 24 ti ń kọjá ní wákàtí kan.

Ohun tó kù ni ẹni tó ni ìkọjá. Ní Ìbàdàn, títì kan lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, iná tíráfíìkì rẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ìsọ̀ etí rẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ OYRTMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìrìnnà ojú ọ̀nà, sì máa darí ọkọ̀ níbẹ̀. Bí réluwé bá tún wọ inú rẹ̀, ẹnì kan gbọdọ̀ wà tó ní àṣẹ lórí mítà 100 ní ọ̀tún àti òsì irin, tó lè kó ìsọ̀ kúrò, tó lè yí àsìkò iná padà, tó sì lè dá réluwé dúró. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìkọjá kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù sí ara òpó rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìkọjá Amẹ́ríkà àti Bírítéènì, kó sì jẹ́ ní Yorùbá, kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kú sórí irin lè pe ẹni tó lè dá réluwé dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó wà ní Sẹkitéríàtì ní Agodi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí owó irin tó dé rárá: kí wọ́n ka àwọn ènìyàn tó ń kọjá ní Bódìjà, Agbowó, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀ àti Challenge láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n sì ya ilẹ̀ tí afárá Bódìjà máa nílò sọ́tọ̀ báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó tún kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí rẹ̀.